Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sá fún update? Bùráwúsà àtijọ́ ló kún inú kọ̀ǹpútà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi

Alátùnúnṣe_Sábó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè ni mo gbé wá lónìí, tó bá gùn ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Sábó níbí, Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì máa ń fọwọ́ kan fóònù náà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá, tí mo bá ti ṣí i báyìí, Windows 7 ni, Chrome orí ẹ̀, ìyẹn bùráwúsà tá a fi ń ṣí wẹ́bùsáìtì, á jẹ́ 109 tàbí kó tiẹ̀ kéré jùyẹn lọ. Ẹlòmíì wà lórí Windows 10, kò sóhun tó ní kó má lè gba update (àtúnṣe tuntun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi ránṣẹ́), àmọ́ ó ti lọ pa á látìdí, ẹni tó kọ́ ọ nírú iṣẹ́ yẹn kọ́ ọ dáadáa.

Bọ̀dá kan gbé láàpútọ́ọ̀pù wá láìpẹ́ yìí, wẹ́bùsáìtì tó fẹ́ fi orúkọ ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀ ò ṣí, funfun báláú lojú ẹ̀ ń ṣe, ó ní kí n bá òun wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkankan, bùráwúsà ló ti gbó. Mo ní bọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe update ẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ó ti parí. Ọkùnrin yìí fò dìde! Ó fọwọ́ bo láàpútọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, ó ní "má ṣe é o, má ṣe é, bó ṣe wà yẹn ló ṣe ń bá mi ṣiṣẹ́". Mo ní ṣebí torí pé kò ṣiṣẹ́ lẹ ṣe gbé e wá? Ó ní ìyẹn yàtọ̀.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Ọ̀fẹ́ ni Chrome, ọ̀fẹ́ ni Firefox, kí ló wà níbẹ̀ tó ń bà yín lẹ́rù? Ẹ sọ tinú yín fún mi, kí n lè mọ nǹkan tí mo máa máa bá kọ́sítọ́mà sọ.

ỌmọUnderG:

Ọ̀gá mi, dátà. Mo ti dáhùn, ẹ lè ti tópíìkì yìí pa 😂

Ká sòótọ́, ẹ̀yin ní Wi-Fi ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mò ń gbé Under G, hotspot fóònù ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lórí láàpútọ́ọ̀pù. Ní January 2025 NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fọwọ́ sí i pé káwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó 50% kún owó wọn, ẹ sì mọ̀ pé wọn ò fi falẹ̀. Ṣé mà á wá ra dátà tán kí Windows máa bá mi mu ún ni? Alẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí hotspot kí n lè wa assignment, oorun gbé mi lọ, ìgbà tí mo jí dátà ti lọ ráú, kọ̀ǹpútà wá ń sọ fún mi pé update ti wà ní sẹpẹ́, kí n restart. Mo ní ìwọ àti ta? Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pa á, kò tíì tún tàn.

ÌyáẸlúbọ́_Jagun:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù lèmi ń lò, orí ẹ̀ ni mo ti ń ta èlùbọ́, mò ń fi ránṣẹ́ dé Èkó dé Àbújá. Ti dátà kọ́ ni tèmi, àyè ni. Fóònù mi 16GB ni, àwọn ẹbí á fi fídíò àdúrà ránṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á fi ti ìgbéyàwó ránṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ti kún dẹ́nu. Tí mo bá ní kó ṣe update, á ní kò sáyè, kí n pa nǹkan rẹ́. Kí ni kí n pa rẹ́? Àwòrán ọmọọmọ mi àbí rìsíìtì àwọn tó sanwó fún mi?

Tó bá wá jàjà gbà á, wọ́n á ti yí gbogbo nǹkan padà. Ìgbà kan wà tí áàpù báńkì mi ṣe update fúnra ẹ̀ lóru, ibi tí mo ti ń fowó ránṣẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Àfi bí ìgbà téèyàn dé ọjà Jagun láàárọ̀ tó bá a pé wọ́n ti gbé ìsọ̀ òun lọ sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Ẹni tí mo fẹ́ sanwó iṣu fún dúró tì mí, mò ń tẹ ọ̀tún mò ń tẹ òsì, ó ti ń wò mí bí ẹni tí ò lówó lọ́wọ́, ọmọ tó ń bá mi tajà ló bá mi rí i nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù. Àwa kan ń bẹ tá a kàn mọ ibi tí nǹkan wà ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kúrò níbẹ̀ ẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Alátùnúnṣe_Sábó:

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ti bọ́tìnnì yẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí mo máa ń rí i: ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀, tí mo bá ti yí ojú nǹkan padà fún un, kò ní pẹ́ padà wá pé mo ti ba fóònù òun jẹ́.

Tíṣà_Àgbà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Mo ń kà á bọ̀, n kò rí ẹni tí ó dárúkọ iná.

Láàpútọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ ni èmi ń lò, bátìrì rẹ̀ ti kú, ara wáyà ni ó ń gbé. Ní ọjọ́ kan mo ní kí n pa á, ó ní kí n dúró, òun ń ṣe update, kí n má ṣe pa òun. Mo jókòó tì í. Ó ń ka iye lọ, ó dé 30%, àwọn oníná mú iná wọn. Nígbà tí iná dé ní ọjọ́ kejì, nǹkan róbótó kan ń yí po lójú kan, kò lọ kò bọ̀. Títí alẹ́. Owó tí mo san fún ẹni tí ó bá mi tún un ṣe, n kò ní sọ ọ́ níbí kí ìyàwó mi má baà kà á. Kò sí ẹni tí ó rán an sí mi tí ó bèèrè bóyá iná wà ní ilé mi. Nítorí náà bí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, "remind me later" ni èmi ń tẹ̀, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì: pọ́tà kan wà tí a máa ń lò nídìí ọ̀rọ̀ owó wa, n kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, Internet Explorer, bùráwúsà àtijọ́ ti Microsoft, nìkan ni ó mọ̀. Mo gbé e sínú Chrome, ojú rẹ̀ dà rú, bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ̀ síwájú kò sí. Nítorí èyí ni mo ṣe fi láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

ỌmọUnderG:

Internet Explorer ke 😂😂 Tíṣà, wọ́n ti sin ín o!

Ayélujára_Akẹ̀sán:

ỌmọUnderG, rọra fún Tíṣà. Ẹ kú ìjókòó láti Ọ̀yọ́ Aláàfin o. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, tópíìkì yìí ló fà mí wọlé.

Ohun tí Tíṣà sọ kì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan. Internet Explorer 6 jáde ní 2001, kò sí tuntun tó tẹ̀ lé e títí di 2006 tí 7 dé. Láàárín ìgbà yẹn, òun nìkan ló kárí ayé, làwọn ọ́fíìsì, báńkì, ìjọba bá ń kọ pọ́tà wọn bó ṣe fẹ́ ẹ, wọn ò kọ ọ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe fẹ́ ẹ. Ní South Korea wọ́n so ọ̀rọ̀ báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ nǹkan kan tí Microsoft ṣe, ActiveX, tó jẹ́ pé inú Internet Explorer nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá a jà kí wọ́n tó lè bọ́. Microsoft fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn ní 2011 pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kúrò lórí 6. Ẹni tó ṣe é ló ń bẹ wọ́n o! Ìgbà tó sì di 15 June 2022 wọ́n ti ilẹ̀kùn 11 náà, òun ló gbẹ̀yìn. Torí náà ẹni tó wà lórí bùráwúsà àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló so ó mọ́ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá kan lókè ni ò fẹ́ náwó tún pọ́tà kọ.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an! Mi ò ní dárúkọ ibi tí mò ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì káàdì, òun ló ń bá pírìntà tá a fi ń tẹ káàdì aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan fi ìwé pélébé lẹ̀ ẹ́ lórí, ó fi bírò pupa kọ ọ́ pé ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ ṢE UPDATE, ó fà á nídìí méjì. Ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tá a bá ṣe é, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa dán an wò lówùúrọ̀ Monday táwọn aláìsàn ti tò dé géètì? Tó bá bàjẹ́, orúkọ mi ni wọ́n máa pè. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wá tìtorí pé a ò ṣe é wọlé, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ayélujára_Akẹ̀sán:

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá ṣe é tó bàjẹ́ ló máa jẹ̀bi, ẹni tí ò ṣe nǹkankan á máa lọ ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti ọsibítù fún yín. Ní March 2017, Microsoft gbé update kan jáde tó dí ihò kan nínú Windows. Ní May ọdún yẹn, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry gba inú ihò yẹn kan náà wọlé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó rí i padà. Ó ju orílẹ̀-èdè 150 tó dé. Ní England ó ba àwọn ọsibítù ìjọba níbẹ̀ débi pé wọ́n ń dá aláìsàn padà, wọ́n ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Oògùn ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì! Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú, kì í ṣe pé wọ́n ti pa á tì nígbà yẹn, wọn ò kàn gba update ni.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí update bá jáde gan-an lewu bẹ̀rẹ̀ fẹ́ni tí ò gbà á. Ìdí ni pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á mú ti àná àti ti òní, wọ́n á fi wé ara wọn, wọ́n á rí ibi tí wọ́n tún ṣe, ìyẹn ló máa sọ ibi tí ihò wà fún wọn. Wọ́n á wá máa wá ẹni tí ò tíì dí tiẹ̀ kiri. Ti bùráwúsà wá le jù, torí òun ló ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, gbogbo ojú ìwé tẹ́ ẹ bá ṣí, kóòdù ẹlòmíì ló ń sáré nínú kọ̀ǹpútà yín. Ìdí nìyẹn tí Chrome fi ń gbé tuntun ńlá jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin láti 2021, tí kéékèèké á sì tún máa wọ àárín ẹ̀.

Jagunlabí:

Ẹ kú àlàyé. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí wúruwùru nínú update fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín rántí díẹ̀.

December 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń fi update dín eré iPhone àtijọ́ kù, wọ́n ní torí bátìrì tó ti rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n dín owó bátìrì kù láti $79 sí $29, ní 2020 wọ́n gbà láti san tó $500 mílíọ̀nù kí ẹjọ́ lè parí. 2018, Ítálì bu owó ìtanràn lu Apple àti Samsung lórí irú ọ̀rọ̀ update yìí. October 2018 yẹn kan náà, update Windows 10 kan jáde tó ń pa fáìlì àwọn kan rẹ́, Microsoft sáré gbé e kúrò nílẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn wá ni July 2024, CrowdStrike, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ààbò ni wọ́n ń ṣe o, wọ́n fi fáìlì kan ránṣẹ́ láàárọ̀ Friday, kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 dojú bolẹ̀, bàálù ò gbéra.

Kí lẹ fẹ́ kéèyàn rò? Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Èmi ò ṣe update o, fóònù mi ń lọ geere.

ỌmọUnderG:

Jagunlabí ti kó fáìlì wá o 🔥 Ẹ̀gbọ́n Akẹ̀sán, ẹ dáhùn.

Ayélujára_Akẹ̀sán:

Gbogbo ohun tí Jagunlabí kà sílẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní jiyàn kankan níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ló fọwọ́ ara wọn ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Wọ́n kó ohun tó ń dí ihò àti ohun tó ń yí bọ́tìnnì padà sínú àpò kan náà, èèyàn ò lè mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìyá Ẹlúbọ́ ì bá gba èyí tó ń dí ihò lónìí, àmọ́ wọn ò ní fún un láìfi ìkejì tì í.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ ni pé o kó gbogbo update pọ̀. Ti Windows gan-an, èyí ńlá tó máa ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, dúró fún ọ̀sẹ̀ kan méjì, jẹ́ káwọn tó ń kánjú kọ́kọ́ gbà á, tó bá máa pa fáìlì rẹ́ wọ́n á ti pariwo. Èmi náà máa ń dúró. Ti CrowdStrike, áàpù àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni, kò sí lórí láàpútọ́ọ̀pù ìwọ àti Tíṣà. Bùráwúsà ò sí nínú ìwọ̀nyí. Kì í fọwọ́ kan fáìlì rẹ, kì í bèèrè iná fún wákàtí kan, tó bá ti gbà á tán o kàn máa pa á, wàá sì tún un ṣí. Lórí Android, ara Play Store ni Chrome ti ń gba tiẹ̀, fóònù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì láti ọjọ́ yìí ṣì lè máa gba Chrome tuntun fúngbà díẹ̀ kí Android ẹ̀ tó kéré jù fún un. Tó o bá fẹ́ fi gbogbo tó kù sílẹ̀, fi sílẹ̀, òun nìkan ni kó o mú.

Jagunlabí:

Mo gbọ́. Mà á rò ó. Mi ò ṣèlérí o.

Alátùnúnṣe_Sábó:

Ó ku ìkan tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ sọ níta, mo mọ̀ torí èmi ni wọ́n ń gbé e bá: kíráàkì. Windows tó wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tókúnbọ̀ yìí, kì í ṣe pé wọ́n rà á. Ẹni tó fi sí i ló pa update, ó ní tó bá lọ gba update Microsoft á mú un, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú, á máa pè é lólè níwájú àlejò. Ìdí tí bọ̀dá mi ọjọ́ yẹn fi fò dìde lèyí, ó padà sọ fún mi nígbà tí ara ẹ̀ balẹ̀. Ó rò pé tí mo bá fọwọ́ kan Chrome, Windows máa ta jí. Mo ṣàlàyé fún un pé Chrome ò bá Windows dá sí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ó gbà. Ó ṣáà dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán.

Windows 7 lòun náà ń lò. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí àwọn kan á máa tẹ update títí ọwọ́ á fi bó: Microsoft ti pa Windows 7 tì láti 14 January 2020. Chrome 109 tó jáde ní January 2023 ló gbẹ̀yìn tó lè wọ orí ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e, ó kéré tán Windows 10 ló ń bèèrè. Mozilla tó ni Firefox ya Firefox 115 ESR (èyí tí wọ́n máa ń bá tún ààbò ẹ̀ ṣe fúngbà pípẹ́) sọ́tọ̀ fún irú wọn, wọ́n sì ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa pa á síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun ni mo fi sí ti bọ̀dá yẹn. Wẹ́bùsáìtì ọmọ ẹ̀ ṣí.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Windows 10 náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti pa òun náà.

Ayélujára_Akẹ̀sán:

14 October 2025 ni. Wọ́n láwọn fi ọdún kan kún un fẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ibi tó ti ń dunni ni pé Windows 11 ń bèèrè fún nǹkan ààbò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti chip tó tuntun díẹ̀, ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ò ní in. Kọ̀ǹpútà tó lágbára, tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kó o lọ ra òmíì. Ibí yìí mo gbè sẹ́yìn Jagunlabí pátápátá. Ẹni tí ò bá lówó tuntun lè fi Linux Mint rọ́pò Windows lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, bùráwúsà orí ẹ̀ á máa gba tuntun, ó kàn fẹ́ kéèyàn ní sùúrù kọ́ ọ ni.

ÌyáẸlúbọ́_Jagun:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sá lọ. Ní ọjọ́ kan ọmọ mi ń wo fíìmù lórí fóònù mi, nǹkan pupa kan gba gbogbo ojú ẹ̀, ó ní "Chrome yín ti gbó, ẹ tẹ ibí yìí kíákíá". Ó tẹ̀ ẹ́. Látọjọ́ yẹn ni ìpolówó ti ń jáde lójú fóònù mi, kódà tí mo bá ń ka owó. Ṣé irú update tẹ́ ẹ ní ká máa ṣe nìyẹn?

Alátùnúnṣe_Sábó:

Háà màmá, rárá o! Olè nìyẹn. Ẹ gbọ́, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí: kò sí wẹ́bùsáìtì kankan tó lè bá yín ṣe update bùráwúsà. Lórí fóònù, inú Play Store nìkan lẹ ti máa rí i. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Chrome, ẹ lọ síbi dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ Help, ẹ tẹ About Google Chrome, á sọ fún yín bóyá tuntun wà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á fúnra ẹ̀. Ibòmíì tó bá ti fò jáde, tó ń pariwo, tó ń kánjú, ẹ pa á. Màmá, ti fóònù yín, wọ́n ti fi áàpù kan sí i nìyẹn, ẹ gbé e wá, kò le.

Ẹ jẹ́ n fi ìkan kún un torí ó máa ń tan àwọn èèyàn. Tí gbogbo wẹ́bùsáìtì bá ń sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà pé "Your connection is not private", ẹ kọ́kọ́ wo déètì kọ̀ǹpútà yín. Bátìrì róbótó kékeré kan wà nínú ẹ̀, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, tó bá kú, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ wáyà déètì á padà sí 2009 tàbí 2012. Sàtífíkéètì wẹ́bùsáìtì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí bùráwúsà fi ń dá a mọ̀, ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, tí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún 2009 la wà, gbogbo sàtífíkéètì ayé ni ò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ti fi Windows tuntun sí kọ̀ǹpútà ẹ̀ torí ìyẹn, wọ́n gbowó ẹ̀, bátìrì pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ni.

ỌmọUnderG:

Èmi ò ní Wi-Fi o, mo tún padà wá sọ ọ́. Báwo ni kí n ṣe ṣe é tí dátà mi ò fi ní kú? Opera Mini ni mo ti ń lò lórí fóònù látọjọ́ tí mo ti mọ fóònù, torí ó ń fún dátà pọ̀.

Ayélujára_Akẹ̀sán:

Opera Mini dáa fún ìwé ìròyìn àti bọ́ọ̀lù. Sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ọ̀dọ̀ wọn, ló ń kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé, á fún un pọ̀, á wá gbé e fún ẹ, ìdí nìyẹn tí dátà ò fi pọ̀. Ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé tó o bá wà lórí èyí tó ń fún un pọ̀ jù, ohun tó o kọ ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Má fi wọ báńkì.

Ti láàpútọ́ọ̀pù, tó o bá ti wọ hotspot ẹ, lọ sí Settings, Network, orúkọ hotspot yẹn, tan "metered connection", ìyẹn ni pé kó mọ̀ pé dátà tó níye lo ń lò. Windows ò ní sáré lọ wa update ńlá lórí ẹ̀ mọ́, kò sì sídìí láti pa gbogbo ẹ̀. Lórí fóònù, nínú Settings Play Store, ní kó máa gbà á lórí Wi-Fi nìkan, tó o bá wá ra dátà òru olówó pọ́ọ́kú, ṣí Play Store, wá Chrome, tẹ Update fún òun, WhatsApp àti áàpù báńkì nìkan. Má tẹ "Update all", ibẹ̀ ni dátà ń bá lọ.

Alátùnúnṣe_Sábó:

Mo ní èrò kan, ẹ bá mi wò ó. Chrome àti Firefox ní èyí téèyàn lè wà kalẹ̀ (download) lódidi, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ń wọ kọ̀ǹpútà. Tí mo bá ń wà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni tó bá gbé láàpútọ́ọ̀pù wá mà á fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni mo wà á, gbogbo àdúgbò ló máa lò ó. Jẹnẹrétọ̀ wà, Tíṣà, iná ò ní lọ mọ́ yín lórí.

Tíṣà_Àgbà:

Èyí dára gan-an ni, ọmọ mi. Ṣé fíláàṣì ni o máa fi ṣe é? Nítorí fíláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kó fáírọ́ọ̀sì bá èyí tí mo lò kẹ́yìn.

Alátùnúnṣe_Sábó:

Rárá sà, wáyà ni mà á fi so wọ́n pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Fíláàṣì àlejò kì í wọ inú ẹ̀.

Tíṣà_Àgbà:

Ó dára. Pọ́tà mi tí ó ń fẹ́ Internet Explorer ńkọ́?

Ayélujára_Akẹ̀sán:

Tíṣà, Edge, bùráwúsà tuntun ti Microsoft, ní ohun tí wọ́n ń pè ní IE mode. Ẹ ṣí Edge, Settings, Default browser, ẹ jẹ́ kó gba "reload in Internet Explorer mode", ẹ wá kọ àdírẹ́sì pọ́tà yẹn síbẹ̀. Pọ́tà yẹn nìkan ló máa ṣí bíi ti àtijọ́, ibi tó kù á máa ṣí bíi tuntun. Microsoft ní ó kéré tán ó máa wà di 2029. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ní kẹ́ ẹ tún un fi kún un, torí ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń fún un.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Mà á sọ èyí fún ọ̀gá wa lọ́la. Ìwé pélébé yẹn ṣáà lèmi ò ní yọ o, ẹlòmíì ni kó yọ ọ́ 😅

ÌyáẸlúbọ́_Jagun:

Ọ̀gá alátùnúnṣe, ìgbà wo lẹ ń tilẹ̀kùn ní Saturday? Mà á gbé fóònù mi wá kẹ́ ẹ bá mi yọ olè yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sì bá mi ṣe Chrome. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, mà á jókòó síbẹ̀, ẹ ò ní fọwọ́ kan WhatsApp mi, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan áàpù báńkì mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí wọ́n gbé bọ́tìnnì yẹn sí ni.

Alátùnúnṣe_Sábó:

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni màmá. Ẹ gbé èlùbọ́ kóńgò méjì dání, mà á rà á.